Algebra ni mo kà, n kò ka físíìsì: ṣé ìwádìí wà fún mi nínú kọ̀ǹpútà kùáńtọ́mù?

Ìbéèrè òǹkàwé kan láti Àgbowó, Ìbàdàn: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ṣe M.Sc. nínú ìmọ̀ ìṣirò ní Yunifásítì Ìbàdàn. Group theory àti coding theory ni mo yàn láàyò. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kùáńtọ́mù báyìí, àmọ́ físíìsì tí mo kà kò kọjá ti ọdún kìíní, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò sì sí nítòsí wa. RAM láptọ́ọ̀pù mi kò ju 8 GB lọ. Ṣé iṣẹ́ ìwádìí wà níbẹ̀ fún irú èmi, àbí kí n gbájú mọ́ ohun tí mo ń ṣe?"

Ìdáhùn:

Iṣẹ́ wà níbẹ̀, àbúrò mi, ó sì pọ̀ ju ọwọ́ tó ń ṣe é lọ. O kò ní láti pa ohun tí ò ń ṣe tì, nítorí group theory àti coding theory gan-an ni ọ̀nà tó yá jù láti wọlé. Ohun tó máa ń dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò wa dúró ni èrò pé àfi kí àwọn kọ́kọ́ di onífísíìsì. Wọ́n á ṣí ìwé quantum mechanics tó ki, wọ́n á máa bá hydrogen atom àti differential equation jìjàkadì fún odidi sáà kan, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n máa lò nínú rẹ̀ fún irú ìṣòro tí algebra ń yanjú.

Físíìsì tí o nílò láti bẹ̀rẹ̀ kò ju òfin mẹ́rin lọ, linear algebra sì ni gbogbo rẹ̀. Qubit kan jẹ́ vector nínú C² tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 1. Tí o bá kó qubit n pọ̀, tensor product lo fi so wọ́n, nítorí náà nọ́ńbà complex 2ⁿ ló dúró fún wọn. Ohunkóhun tí o bá ṣe sí wọn láìwọ̀n wọ́n jẹ́ mátíríìsì unitary. Tí o bá wá wọ̀n wọ́n, projection ni: èsì kọ̀ọ̀kan ní ìṣeéṣe tirẹ̀, vector náà á sì bọ́ sínú subspace tí èsì yẹn jẹ́ tirẹ̀. Láìpẹ́ wàá nílò density matrix (mátíríìsì tó dúró fún qubit tí ipò rẹ̀ kò dájú), torí pé kò sí bí a ṣe lè sọ̀rọ̀ ariwo (noise, ìdíwọ́ láti àyíká tó ń ba qubit jẹ́) láìsí i. Ẹni tó bá mọ spectral theorem, trace àti tensor product dunjú, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti tó o fún èyí.

Ní ti ẹ̀rọ, nígbà tí Peter Shor gbé álígórídímù rẹ̀ jáde ní 1994, kò sí ẹ̀rọ kankan láyé tó lè ṣe é. Wo bí ìṣirò rẹ̀ ṣe rí. Ká ní a fẹ́ mọ àwọn nọ́ńbà tó pín 21 láìṣẹ́kù. Mú 2, máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kí o sì máa yọ 21 kúrò nígbàkigbà tó bá kọjá rẹ̀: 2, 4, 8, 16, 11, 1. Ìgbésẹ̀ kẹfà ló kan 1, nítorí náà period rẹ̀ jẹ́ 6. Ìdajì 6 jẹ́ 3, 2³ sì jẹ́ 8. gcd(8−1, 21) jẹ́ 7, gcd(8+1, 21) jẹ́ 3, 21 ti tú nìyẹn. Wíwá 6 yẹn nìkan ni iṣẹ́ tí a gbé fún kọ̀ǹpútà kùáńtọ́mù. Tí nọ́ńbà náà bá ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún díjíìtì, kò sí ọ̀nà tó yá tí a mọ̀ fún kọ̀ǹpútà lásán láti rí i, àmọ́ Fourier transform lórí finite abelian group a máa gbé e jáde. Gbogbo ìyókù jẹ́ number theory tí o ti kà ní ọdún kejì.

Láti ibẹ̀ ni ìṣòro tí wọ́n ń pè ní hidden subgroup ti jáde: wọ́n fún ọ ní function kan lórí gúrúùpù G, iye rẹ̀ kì í yí padà nínú coset subgroup H kan, ó sì máa ń yàtọ̀ láti coset kan sí òmíràn, wá H. Tí G bá jẹ́ finite abelian, a ti rí ojútùú. Tó bá jẹ́ symmetric group, ojútùú rẹ̀ yóò yanjú graph isomorphism (mímọ̀ bóyá graph méjì rí bákan náà) pẹ̀lú, kò sì tíì sí ẹni tó rí i. Tó bá jẹ́ dihedral, álígórídímù Greg Kuperberg yára ju ti ìgbàanì lọ ṣùgbọ́n kò tíì dé polynomial time, Oded Regev sì fi hàn pé ìṣòro náà so mọ́ ti lattice (àwọn ojú àmì tó tò déédéé nínú àyè). Representation theory pọ̀ níbẹ̀ bí omi. Àmọ́ n kò ní gbà ọ́ nímọ̀ràn láti gbé symmetric group lódindi fún M.Sc. Àwọn orí pípé ti kàn án fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Tí ọkàn rẹ bá fà síbẹ̀, mú ẹ̀yà gúrúùpù kan tí ìwọ mọ tinú-tòde, kí o wádìí ìyẹn nìkan.

Ibi tí màá ní kí o tẹ̀dó sí ni kóòdù tó ń tún àṣìṣe ṣe. Ẹ̀rọ kùáńtọ́mù tó wà lónìí, ariwo ń bà wọ́n jẹ́ lemọ́lemọ́, òfin àìlèṣẹ̀dà tí wọ́n fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn ní 1982 sì sọ pé o kò lè ṣe ẹ̀dà qubit kan sí mẹ́ta kí o wá dìbò. Ní 1995 Shor gbé kóòdù oníqubit 9 jáde. Ní 1996 Andrew Steane ti inú kóòdù Hamming [7,4] tí o mọ̀ yẹn ṣe oníqubit 7. Ní 1997 Daniel Gottesman sọ gbogbo rẹ̀ di group theory. Stabilizer kò ju abelian subgroup nínú gúrúùpù Pauli (èyí tí a fi I, X, Y àti Z kọ, bí wàá ṣe rí i nísàlẹ̀) lọ, tí −I kò sí nínú rẹ̀. Ìwọ tó mọ gúrúùpù, tìrẹ nìyẹn.

Fi ọwọ́ ṣe kóòdù oníqubit 5 kí o tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Generator rẹ̀ mẹ́rin nìyí:

XZZXI
IXZZX
XIXZZ
ZXIXZ

I kò ṣe nǹkan kan, X ń pààrọ̀ 0 àti 1, Z ń yí àmì 1 padà, Y jẹ́ iXZ, XZ sì jẹ́ −ZX. Láti mọ̀ bóyá ìlà méjì commute (ìyẹn, èyí tó bá ṣíwájú nínú wọn, èsì kan náà ni), ka iye ipò tí lẹ́tà wọn ti yàtọ̀ síra tí ìkankan nínú méjèèjì kò sì jẹ́ I. Tí iye náà bá ṣe é pín sí méjì láìṣẹ́kù, ìyẹn 0, 2 tàbí 4, wọ́n commute. Ìlà kìíní àti ìkejì yàtọ̀ ní ipò 2 àti ipò 4, méjì ni, ó dára. Wá jẹ́ kí àṣìṣe X ṣẹlẹ̀ sí qubit kìíní. Kọ 1 fún ìlà tí kò bá commute pẹ̀lú àṣìṣe náà, 0 fún èyí tó bá commute; nọ́ńbà mẹ́rin yẹn là ń pè ní syndrome. Ìlà kẹrin nìkan ló ní Z níbẹ̀, nítorí náà syndrome rẹ̀ jẹ́ 0001. Tó bá jẹ́ Z, ìlà 1 àti 3 ló ní X, syndrome jẹ́ 1010. Y jẹ́ àpapọ̀ méjèèjì, 1011. Ṣe é bẹ́ẹ̀ fún qubit márààrún. Wàá rí àṣìṣe 15 pẹ̀lú syndrome 15 tó yàtọ̀ síra pátápátá, 0000 sì wà fún àìsí àṣìṣe. Ó pé 16, ìyẹn 2⁴, kò ṣẹ́ kù, kò sì dín. Ohun tí quantum Hamming bound ń sọ nìyẹn: 2×(1+3×5) jẹ́ 32, 2⁵ náà sì jẹ́ 32. Gbìyànjú qubit 4, wàá rí 26 níbi tí àyè kò ju 16 lọ.

Ibí yìí gan-an ni ìbéèrè tó ṣì ṣí sílẹ̀ ti wọlé. Ìṣirò àyè tí a ṣe yẹn gbà pé syndrome àṣìṣe kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Àwọn kóòdù kan wà tí àṣìṣe méjì ní syndrome kan náà tí kò sì pa wọ́n lára, torí pé ìyàtọ̀ àárín àṣìṣe méjèèjì wà nínú stabilizer fúnra rẹ̀. Degenerate là ń pe irú wọn. Ṣé degenerate kankan lè kọjá Hamming bound? A ti mọ̀ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ipò, àmọ́ ẹ̀rí tó kárí gbogbo rẹ̀ kò tíì sí. Singleton bound, n−k ≥ 2(d−1), níbi tí n ti jẹ́ iye qubit, k iye qubit tí kóòdù ń dáàbò bò, d sì jẹ́ distance (iye qubit tó kéré jù tí àṣìṣe gbọ́dọ̀ kàn kó tó lè ba iṣẹ́ jẹ́ láìhàn; [[n,k,d]] la máa ń kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta), ló dé gbogbo kóòdù, degenerate tàbí kò jẹ́ bẹ́ẹ̀, òun ló sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé qubit 4 kò lè tó láé.

Àwọn tó ti coding theory bọ̀ máa ń kọsẹ̀ síbi mẹ́ta. Àkọ́kọ́, wọ́n á fi dot product tí wọ́n mọ̀ yẹ àwọn ìlà wò, nígbà tó jẹ́ symplectic product ló yẹ. Tí o bá kọ Pauli sí bit 2n, apá X ti ìlà kan ló ń bá apá Z ti ìkejì pàdé. Bí o bá fẹ́ràn GF(4), sọ I di 0, X di 1, Z di ω, Y di ω², trace inner product á sì ṣe iṣẹ́ kan náà. Calderbank, Rains, Shor àti Sloane ló là á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní 1998. Ìkejì, wọ́n á wá ìwọ̀n (weight, iye ipò tí kò jẹ́ I) tó kéré jù nínú normalizer (gbogbo Pauli tó commute pẹ̀lú stabilizer), wọ́n á ní distance nìyẹn. Rárá. Ohun tó wà nínú normalizer tí kò sí nínú stabilizer ni kí o wọ̀n. Dán an wò lórí kóòdù Shor oníqubit 9: stabilizer rẹ̀ ní ZZ lórí qubit méjì, nítorí náà ọ̀nà tí kò tọ́ yẹn á fún ọ ní 2, bẹ́ẹ̀ 3 ni distance rẹ̀. Nínú kóòdù oníqubit 5, normalizer ní nǹkan 64 láìka àmì iwájú wọn: ọ̀kan jẹ́ I, 30 ní ìwọ̀n 3, 15 ní ìwọ̀n 4, 18 ní ìwọ̀n 5, àwọn 15 yẹn ló wà nínú stabilizer. Tí ètò rẹ kò bá kọ iye wọ̀nyí jáde, àléébù wà nínú rẹ̀. Ìkẹta, àmì. Mú XX, ZZ àti YY, wọ́n commute dáadáa, àmọ́ XX×ZZ jẹ́ −YY, nítorí náà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀ bí −I, kóòdù náà sì ṣófo. Bit 2n kò rí àmì. Rí i dájú pé àwọn generator rẹ dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan (independent) kí o tó tẹ̀síwájú.

Ní ti láptọ́ọ̀pù rẹ, ó tó. Nọ́ńbà complex kan ń gba byte 16. Tí o bá fẹ́ tọ́jú gbogbo vector, qubit 25 jẹ́ 512 MB, qubit 28 jẹ́ 4 GB, qubit 30 jẹ́ 16 GB, èyí tí 8 GB kò lè gbà. Àmọ́ iṣẹ́ stabilizer kò nílò vector yẹn rárá. Gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí Aaronson àti Gottesman kọ ní 2004, qubit 1000 kò gbà ju nǹkan bíi mílíọ̀nù bit mẹ́rin lọ, ìyẹn ìdajì megabyte. GAP àti SageMath, ètò kọ̀ǹpútà fún algebra, jẹ́ ọ̀fẹ́, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì tí o bá ti fi wọ́n sórí ẹ̀rọ. Jẹ́ kí ètò rẹ máa kọ èsì sínú fáìlì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, kó sì lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé. Ìwákiri tó ti lo wákàtí méje tí NEPA wá mú iná lọ nígbà tí bátìrì ti kú, àdánù gidi ni.

Iṣẹ́ tí màá fún ọ ṣe gan-an rèé. Kóòdù surface (tí qubit rẹ̀ tò ní ìlà-ìlà lórí ojú pẹrẹsẹ) tí Google fi hàn lórí ẹ̀rọ Willow ní December 2024 ṣe dáadáa: bí distance ṣe ń lọ láti 3 sí 5 sí 7, àṣìṣe ń dín sí nǹkan bí ìdajì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ní distance 7, qubit dátà 49 àti 48 mìíràn tí a fi ń wọ̀n syndrome ló ń ṣọ́ qubit ẹyọ kan péré. Ìnáwó náà pọ̀. Ní 2021 Panteleev àti Kalachev fi hàn pé kóòdù LDPC (tí generator kọ̀ọ̀kan rẹ̀ kò kàn ju qubit díẹ̀ lọ) tó dára ní gbogbo ọ̀nà wà tí n bá tóbi gan-an, àmọ́ ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nílò ni n tó kéré. Ní 2024 àwọn olùwádìí IBM gbé [[144,12,12]] jáde. Wo bó ṣe kúrú tó: mú group algebra ti Z₁₂×Z₆ lórí F₂, x ní order 12, y ní order 6, A = x³+y+y², B = y³+x+x². Kọ wọ́n bíi mátíríìsì 72×72, kí o fi Hx = [A | B] ṣe àwọn generator X, Hz = [Bᵀ | Aᵀ] ṣe àwọn generator Z. Rank kọ̀ọ̀kan jẹ́ 66, k wá jẹ́ 144−66−66, ìyẹn 12. Ó ṣiṣẹ́ nítorí AB = BA: HxHzᵀ jẹ́ AB+BA, ìyẹn 2AB, odo sì ni lórí F₂.

Tí gúrúùpù kò bá jẹ́ abelian ńkọ́? AB = BA kò dájú mọ́. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí A máa ṣiṣẹ́ láti ọwọ́ òsì, kí B máa ṣiṣẹ́ láti ọwọ́ ọ̀tún, torí pé òsì àti ọ̀tún a máa commute nínú gúrúùpù èyíkéyìí. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ gbòòrò sí. GAP ní àkójọ àwọn gúrúùpù kéékèèké. O lè yan order 24, 36, 48, kí o wá àwọn A àti B tó ní term mẹ́ta mẹ́ta, kí o sì béèrè ìdí tí gúrúùpù kan fi ń bí kóòdù tó dára ju ìkejì lọ. Ìdí yẹn ni kí o lépa. Ìwé tó kàn to kóòdù tuntun sílẹ̀ láìsọ ìdí rọrùn láti kọ, kì í sì pẹ́ kí àwọn ènìyàn gbàgbé rẹ̀. Kí o tó pe ohunkóhun ní tuntun, wo tábìlì Markus Grassl ní codetables.de, kí o sì rántí pé bí [[n,k,d]] bá wà, tí k sì ju 1 lọ, [[n+1,k,d]] àti [[n,k−1,d]] wà lọ́fẹ̀ẹ́. Distance náà gba ìfura: QDistRnd nínú GAP ń wá a lọ́nà àrìnàkò, nítorí náà ohun tó fún ọ kò lè kéré ju distance gidi lọ, àmọ́ ó lè pọ̀ jù ú. Má kọ d = 8 nígbà tí ohun tí o mọ̀ kò ju d ≤ 8 lọ.

Àwọn ilẹ̀kùn mìíràn wà, n kò ní pẹ́ lórí wọn. Ẹni tó fẹ́ràn combinatorics, kó wo mutually unbiased bases (àwọn basis tí mímọ èsì nínú ọ̀kan kò sọ ohunkóhun nípa ìkejì): tí dimension d bá jẹ́ agbára nọ́ńbà prime, a mọ d+1, àmọ́ ní d = 6, mẹ́ta péré la tíì rí, kò sì sí ẹ̀rí pé kò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣòro ọ̀gágun 36 ti Euler (títo ọ̀gágun láti ẹgbẹ́ ogun 6 àti ipò 6 sínú 6×6 kí ẹgbẹ́ tàbí ipò kankan má ṣe wáyé lẹ́ẹ̀mejì ní ìlà kan), tí Tarry ti fi hàn pé kò ní ojútùú, ní ojútùú kùáńtọ́mù ní 2022. Ní ti cryptography, NIST, àjọ tó ń ṣe ìlànà ní Amẹ́ríkà, gbé ìlànà FIPS 203, 204 àti 205 jáde ní August 2024 láti dènà álígórídímù Shor, lattice àti hash ló sì dúró lé. Má rò pé ibẹ̀ ti parí: ní 2022 Castryck àti Decru fi theorem Kani ti 1997 lórí abelian surface tú SIKE, ètò ìfipamọ́ kan tí wọ́n ṣe láti kojú kọ̀ǹpútà kùáńtọ́mù, tí ọ̀pọ̀ ọdún kò rí nǹkan ṣe fún, láàárín nǹkan bíi wákàtí kan lórí core kan ṣoṣo. Quantum machine learning ni kí o ṣọ́ra fún. Ìlérí pọ̀ níbẹ̀ ju theorem lọ, Ewin Tang sì fi hàn ní 2018, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ oyè àkọ́kọ́, pé kọ̀ǹpútà lásán lè ṣe ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń fi yangàn jù.

Analysis ńkọ́? Ìbàdàn ti wà nínú èyí tipẹ́. Hudson àti Parthasarathy dá quantum stochastic calculus sílẹ̀ ní 1984. Ní 1992 Ọ̀jọ̀gbọ́n G. O. S. Ekhaguere ti ẹ̀ka ìṣirò yín tẹ ìwádìí jáde lórí quantum stochastic differential inclusion, Ọ̀jọ̀gbọ́n E. O. Ayoola náà sì kọ lórí bí a ṣe ń fi nọ́ńbà yanjú irú equation bẹ́ẹ̀. Ohun tí equation wọ̀nyẹn ń ṣe àpèjúwe rẹ̀ ni ètò kùáńtọ́mù tí àyíká rẹ̀ ń fọwọ́ kàn, ariwo kan náà tí kóòdù ń bá jà. Tí o bá fẹ́ kí ẹnì kan nítòsí máa tọ́ ọ sọ́nà lórí operator algebra, ẹ̀ka yín ni kí o ti kọ́kọ́ béèrè kí o tó kọ lẹ́tà sí òkè òkun. Ìbéèrè operator algebra tí Connes gbé kalẹ̀ ní 1976, ìwádìí lórí kọ̀ǹpútà kùáńtọ́mù ló dáhùn rẹ̀ ní 2020, MIP* = RE ni wọ́n ń pe èsì náà.

Lẹ́yìn M.Sc., wo AIMS (African Institute for Mathematical Sciences), tó ní ilé ẹ̀kọ́ ní South Africa, Senegal, Ghana, Cameroon àti Rwanda, àti diploma ICTP (International Centre for Theoretical Physics) ní Trieste, Ítálì. Àwọn méjèèjì ní owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ (scholarship). Kí o tó kọ̀wé sí ọ̀jọ̀gbọ́n kankan, ṣe [[144,12,12]] yẹn fúnra rẹ, kí o kọ ojú ìwé méjì nípa rẹ̀, kí o sì so ètò rẹ mọ́ ọn. Ìyẹn ń sọ̀rọ̀ ju "mo nífẹ̀ẹ́ sí kùáńtọ́mù" lọ. Ohun kan ni kí o yẹ̀ wò kí o tó fi ránṣẹ́: tí o bá gbàgbé transpose nínú Hz, tí o kọ [B | A], rank á ṣì jẹ́ 66, k á ṣì jẹ́ 12, ohun gbogbo á dà bíi pé ó tọ́, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kóòdù rárá. Nítorí náà, ṣírò HxHzᵀ, kí o rí i pé odo ni gbogbo rẹ̀ kí o tó wo rank.